Wáyà àbí omi alágbára? Bí ẹ ṣe máa yan ọ̀nà tí ẹ ó fi fọ páìpù ẹ̀gbin kí ẹ tó ta ilé ní Houston

Ẹni tó fẹ́ ra ilé yín kò ní béèrè páìpù ẹ̀gbin. Ọ̀dà tuntun, kíṣìnì tó ń dán àti ilẹ̀ tó mọ́ ló ń wò. Ẹni tó máa bá a yẹ ilé wò ni kí ẹ máa rò. Onítọ̀hún á dé, á dí ihò ọpọ́n ìwẹ̀, á ṣí omi kún un, á ṣe bẹ́ẹ̀ sí gbogbo síǹkì, á wá tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, á sì tún máa fa omi ilé ìgbẹ́ léraléra. Tí ọ̀rá tàbí gbòǹgbò igi bá ti wà nínú páìpù àgbà tó ń kó omi yẹn jáde, ìgbà yẹn gan-an ni omi dúdú á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láti ihò balùwẹ̀ ìsàlẹ̀. Kò sí ọ̀dà tó bo ìyẹn.

Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ejẹ́ǹtì fi ń sọ fún ẹni tó ń ta ilé pé kó fọ páìpù kó tó gbé ilé sọ́jà. Ìmọ̀ràn tó dáa ni, àmọ́ wọn kì í sábà sọ irú fífọ̀ tó yẹ. Púlọ́ńbà tí ẹ bá kọ́kọ́ pè ló máa bá yín yàn án, ohun tó bá sì wà nínú ọkọ̀ rẹ̀ ló máa yàn. Ó sàn kí ẹ̀yin fúnra yín mọ èyí tí ẹ fẹ́. Houston ní ìpínlẹ̀ Texas ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé àwọn èèyàn wa pọ̀ níbẹ̀ gan-an, láti Alief dé Missouri City àti Katy, àti nítorí pé ilẹ̀ Houston kì í jẹ́ kí páìpù sinmi.

Kí ni ẹ ń fọ̀ gan-an?

Àwa tí a dàgbà sí ilé onísọ́kàwé mọ̀ pé ẹ̀gbin kì í kúrò nínú ọgbà. Inú táǹkì ló ń lọ, ọkọ̀ agbẹ́gbin á sì wá fà á nígbà tó bá kún. Ní Houston, páìpù kan ṣoṣo ló ń kó omi síǹkì, balùwẹ̀, ilé ìgbẹ́ àti ẹ̀rọ ìfọṣọ pọ̀, tó sì ń gba abẹ́ ilé àti abẹ́ koríko lọ bá páìpù ìlú. Fífẹ̀ rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ínṣì 4. Kò sí ẹ̀rọ tó ń ti omi inú rẹ̀. Ìdagẹ̀rẹ̀ ló ń gbé e lọ, bíi 1/8 sí 1/4 ínṣì ní ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Níwájú ilé tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ máa rí ọmọrí funfun kan, tàbí méjì tó fara kanra, nínú koríko. Cleanout ni wọ́n ń pè é. Ẹ wá a rí kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni, nítorí pé púlọ́ńbà tí kò bá rí i á fẹ́ tú ìjókòó ilé ìgbẹ́ tàbí kó gun òrùlé, owó iṣẹ́ á sì gbẹ́nu sókè. Ohun kan wà tí ẹ lè fojú ara yín kà níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí omi ò bá tètè wọlẹ̀ nínú ilé, ẹ rọra yí ọmọrí yẹn, kí ẹ má dúró lórí rẹ̀. Tí omi bá kún ibẹ̀ dé ẹnu, ohun tó dí páìpù wà láàrin ibẹ̀ àti títì. Tí ibẹ̀ bá gbẹ, tí omi sì dúró nínú ilé, abẹ́ ilé ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ má fojú kékeré wo ìyàtọ̀ yẹn o. Àtúnṣe abẹ́ koríko àti àtúnṣe abẹ́ kọnkéré kì í ṣe owó kan náà rárá.

Ọdún tí wọ́n kọ́ ilé náà ló máa sọ irú páìpù tó wà níbẹ̀. Tí ilé bá ti wà ṣáájú àárín àwọn ọdún 1970, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irin ló wà lábẹ́ kọnkéré, kó sì jẹ́ amọ̀ sísun ló wà láti ara ilé dé títì. Irin máa ń dípẹtà láti inú, ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí omi ń tọ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ jẹ lu. Amọ̀ kì í dípẹtà, àmọ́ ègé kéékèèké ni wọ́n tò pọ̀, gbòǹgbò sì mọ ojú oríkèé wọn dáadáa. Àwọn ilé tó dé lẹ́yìn náà, PVC, ìyẹn páìpù ike, ni tiwọn. Ọ̀kan ṣì wà tí wọ́n ń pè ní Orangeburg, bébà tí wọ́n fi ọ̀dà bítúmẹ́ẹ̀nì pò. Wọ́n lò ó káàkiri Amẹ́ríkà láti nǹkan bí 1945 sí bí 1972. Tí irú ìyẹn bá wà lábẹ́ ilé yín, ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ fífọ̀, nítorí pé ẹ̀rọ lè fà á ya pátápátá.

Ẹni tó bá ní PVC náà kò tíì bọ́. Amọ̀ dúdú ló pọ̀ nílẹ̀ Houston. Ó máa ń wú tí òjò bá pọ̀, á sì súnkì tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé. Bí ilé ṣe ń gbéra tó sì ń jókòó, bẹ́ẹ̀ ni páìpù ń bá a lọ, títí apá kan rẹ̀ á fi rọ̀ sílẹ̀, táá yọ ikùn. Omi á máa dúró nínú ikùn yẹn, ìdọ̀tí á sì máa jókòó síbẹ̀. Ẹ lè fọ páìpù tó yọ ikùn lẹ́ẹ̀mẹwàá, ikùn ò ní tìtorí ẹ̀ wọlé.

Wáyà

Èyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀, tí wọ́n ń pè ní snake. Lọ́dún 1933, ní Des Moines ní ìpínlẹ̀ Iowa, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Samuel Blanc, páìpù ilé ọmọ rẹ̀ dí pa. Blanc kó mọ́tò ẹ̀rọ ìfọṣọ, táyà bàtà onítáyà àti wáyà irin oní 3/8 ínṣì jọ, ó fi abẹ sí orí rẹ̀, ó sì rán an sínú páìpù. Ìyàwó rẹ̀ ló sọ ẹ̀rọ náà ní Roto-Rooter. Ti òde òní lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ, wáyà rẹ̀ nípọn, ó sì lè lọ tó 100 ẹsẹ̀ bàtà, àmọ́ ọgbọ́n yẹn náà ni: irin ń yí, abẹ ń gé, púlọ́ńbà ń tì í.

Ohun tí wáyà mọ̀ ọ́n ṣe ni kó la ọ̀nà. Tí gbòǹgbò bá dí ojú oríkèé páìpù amọ̀, á gé e, omi á sì lọ. Tí ẹnì kan bá ti ju wáìpù tàbí páàdì sí ilé ìgbẹ́, á fi orí ìwọ́ fà á jáde. Tó bá jẹ́ ọ̀rá ni ńkọ́? Á gba àárín rẹ̀ kọjá bí ìgbà téèyàn fi ìka lu èbà. Ihò á wà, èbà náà á ṣì wà níbẹ̀. Omi á lọ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀, lẹ́yìn náà ihò á tún padé. Gbòǹgbò tí wọ́n gé náà kò kú. Ó máa ń hù padà, nígbà míì kí ọdún tó yí po.

Iye rẹ̀ fún páìpù àgbà sábà máa ń wà láàrin dọ́là 150 sí 500. Wákàtí kan tàbí méjì ni, kò sì nílò ọkọ̀ ńlá.

Ẹ dúró ti púlọ́ńbà nígbà tó bá ń fa wáyà jáde, kí ẹ wo orí rẹ̀ dáadáa. Owó yín ló wà níbẹ̀. Tó bá gbé gbòǹgbò tín-ín-rín bí irun jáde, omi ń jò gba ojú oríkèé páìpù, òun ni igi rí mu. Ọ̀rá funfun tàbí èyí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, láti kíṣìnì ni. Tó bá jẹ́ ẹrẹ̀ dúdú, iyanrìn tàbí àpáàdì ló lẹ̀ mọ́ abẹ, ẹ dá iṣẹ́ dúró. Ẹrẹ̀ kò ní ibi tó lè gbà wọ páìpù tó dá ṣáká. Páìpù yẹn ti fọ́ níbì kan, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní fífọ̀.

Omi alágbára

Wọ́n ń pè é ní hydro jetting. Rọ́bà líle kan wà tó ní ẹnu kékeré onírin. Ọ̀pọ̀ ihò ẹnu náà kọjú sẹ́yìn, nítorí náà bí omi ṣe ń tú jáde ló ń ti rọ́bà síwájú, tó sì ń fọ ara páìpù yíká. Lára wọn tún ní ihò kan tó kọjú síwájú láti lu ohun tó dí ọ̀nà. Agbára omi náà lè tó 4,000 psi (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn bí omi ṣe ń tì tó). Púlọ́ńbà tó mọṣẹ́ kì í ṣí i dé òpin lójú ẹsẹ̀. Á kọ́kọ́ wo irú páìpù tó wà níwájú rẹ̀ ná.

Tó bá dọ̀rọ̀ ọ̀rá, wáyà kò bá a ṣe ẹgbẹ́. Omi á ṣí ọ̀rá kúrò lára páìpù dé ojú ike tàbí amọ̀, á sì gbá ohun tí wáyà gé sílẹ̀ lọ sí títì. Fún gbòǹgbò tín-ín-rín ó dáa, pàápàá tí wọ́n bá fi ẹnu tó ń yí sí i. Gbòǹgbò tó ti nípọn tó ìka, ẹ jẹ́ kí wáyà kọ́kọ́ gé e.

Iye rẹ̀ ga ju ti wáyà lọ. Ó sábà máa ń jẹ́ dọ́là 350 sí 1,000, ó sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ tí ọ̀rá bá ti di òkúta. Ewu rẹ̀ méjì ni. Tí omi kò bá ráyè kọjá síwájú, ó lè padà gba ihò ilé ìgbẹ́ tú sínú ilé, nítorí náà ẹ kó kápẹ́ẹ̀tì àti aṣọ kúrò ní balùwẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìkejì ni páìpù àgbàlagbà. Irin tó ti jẹ, nígbà míì ìpẹtà rẹ̀ gan-an ló ń dí àwọn ihò ara rẹ̀. Tí omi bá ṣí ìpẹtà yẹn kúrò, ìjò tí kò sí lánàá lè dé lónìí, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ta ilé lẹ́ ṣì ni ín.

Tí ẹ bá tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, báyìí ni mo ṣe máa kọ ọ́:

| | Wáyà | Omi alágbára |
|---|---|---|
| Ọ̀rá kíṣìnì | ihò nìkan ló ń lu | ó ń ṣí i kúrò |
| Gbòǹgbò tó nípọn | òun ni kó ṣáájú | lẹ́yìn wáyà |
| Wáìpù, páàdì, ohun tó há | ó lè fà á jáde | ó ń tì í síwájú, ẹ ṣọ́ra |
| Irin tó ti jẹ | pẹ̀lú ọwọ́ jẹ́jẹ́ | kámẹ́rà ni kó sọ |
| Iye owó | dọ́là 150–500 | dọ́là 350–1,000 |
| Bó ṣe máa rí lójú kámẹ́rà olùrà | ìdọ̀tí ṣì máa hàn | ara páìpù á mọ́ |

Ìlà tó kẹ́yìn yẹn ni ẹni tó ń ta ilé kì í rò. Ẹni tí kò ta ilé, omi ló fẹ́ kó lọ, wáyà sì tó o. Ẹni tó ń ta ilé fẹ́ kí omi lọ, ó tún fẹ́ kí kámẹ́rà àlejò rí páìpù tó mọ́. Tí páìpù yín bá jẹ́ PVC tó dúró dáadáa, tí ẹ sì ti se oúnjẹ nínú ilé yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún, omi alágbára ni mo fara mọ́. Páìpù amọ̀ tó ní gbòǹgbò, wáyà ni, kí omi díẹ̀díẹ̀ tẹ̀ lé e. Irin àtijọ́, kámẹ́rà ni kó pinnu, ó sì lè jẹ́ pé kí ẹ má fọ̀ ọ́ rárá ló máa sàn.

Ọ̀rọ̀ epo pupa

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ láàárín ara wa. Ilé wa kì í ṣe ilé tí wọ́n ti ń jẹ sáláàdì. Epo pupa, ọ̀rá ẹran, omi tí a fi bọ ṣàkì, epo tí a fi dín dòdò, gbogbo rẹ̀ ló ń gba síǹkì lọ. Bí epo pupa bá gbóná, ó ń ṣàn bí omi. Tó bá dé inú páìpù tó tutù lábẹ́ ilẹ̀, á dì. Tí gààrí tàbí hóró ìrẹsì bá tún dé bá a, ó ti rí ohun tó máa dì mú. Àwọn kan gbà pé omi gbígbóná àti ọṣẹ á fọ̀ ọ́ lọ. Òótọ́ ni pé á kúrò nínú síǹkì, àmọ́ níwájú díẹ̀ ló máa lọ dì sí. Ní Whitechapel ní London, lóṣù kẹsàn-án ọdún 2017, wọ́n bá òkìtì ọ̀rá àti wáìpù nínú páìpù ìlú tó gùn tó 250 mítà, tó sì wúwo tó 130 tọ́ọ̀nù. Inú síǹkì ilé bíi tiwa ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, tí púlọ́ńbà bá ní wáyà nìkan ti tó, ẹ bi í bóyá ọ̀rá ló rí. Ẹ tún bi í bóyá páìpù kíṣìnì wà nínú iye tó dá. Ìyẹn máa ń tín-ín-rín ju páìpù àgbà lọ, ínṣì 2 ló sábà máa ń jẹ́, òun sì ni ọ̀rá kọ́kọ́ ń dí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti sanwó páìpù àgbà tán kó tó di pé síǹkì kíṣìnì dójú tì wọ́n níwájú olùrà.

Oògùn inú ìgò tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù ńkọ́? Kò sí níbi ìfiwéra yìí. Kí ó tó dé páìpù àgbà, omi ti là á. Tí páìpù bá sì dí pa, ibẹ̀ lá dúró sí, táá wá ta sí ojú àti ọwọ́ púlọ́ńbà tó bá ṣí i. Tí ẹ bá ti dà á síbẹ̀, ẹ sọ fún un kó tó fọwọ́ kàn án.

Kámẹ́rà: ṣáájú àbí lẹ́yìn?

Tí owó bá wà, ṣáájú àti lẹ́yìn. Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ni agbára yín ká, tí omi ṣì ń lọ geere, ẹ ṣe é ṣáájú, nítorí pé òun ló máa sọ bóyá fífọ̀ tiẹ̀ tọ́. Tí páìpù bá ti dí, kámẹ́rà kò ní rí nǹkan kan nínú omi dúdú, ẹ jẹ́ kí wáyà la ọ̀nà fún un ná. Iye rẹ̀ sábà máa ń wà láàrin dọ́là 125 sí 500.

Ẹni tí ẹ máa pè ló jà jù. Àwọn iléeṣẹ́ kan máa ń fi kámẹ́rà ọ̀fẹ́ polówó ọjà. Kámẹ́rà ọ̀fẹ́ kì í pẹ́ kó tó rí ohun tí ó ná ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là, pàápàá tó bá gbọ́ pé ilé fẹ́ lọ sọ́jà tí ara sì ń kán onílé. Ẹ wá ẹni tó jẹ́ pé àyẹ̀wò nìkan ló ń ṣe, tí kì í tún páìpù ṣe. Ẹ sọ fún un pé fídíò gan-an lẹ fẹ́, kì í ṣe fọ́tò mẹ́ta. Kí nọ́ńbà ẹsẹ̀ bàtà hàn lójú rẹ̀, kí àdírẹ́sì àti ọjọ́ wà níbẹ̀, kó sì fi ọ̀dà sàmì sórí koríko níbi tí ó bá ti rí àléébù. Kámẹ́rà tó dáa ní ohun kan lórí tó ń ránṣẹ́ sókè, táá jẹ́ kó mọ ibi tó wà àti bó ṣe jìn tó.

Nígbà tí ẹ bá ń wo fídíò, ẹ wo ìlà omi. Tí kámẹ́rà bá wọ inú omi, tó sì rìn nínú rẹ̀ fún ẹsẹ̀ bàtà mélòó kan kó tó jáde, ikùn nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé ojú oríkèé ló kàn yẹ̀ díẹ̀, tí omi sì ń kọjá, ìyẹn kì í ṣe ìdí tí ẹnikẹ́ni á fi ní kí ẹ pààrọ̀ gbogbo páìpù.

Àwọn kan á ní: «Tí n ò bá wò ó, n ò ní mọ̀. Tí n ò bá mọ̀, kò sóhun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀.» Òfin Texas, Property Code 5.008, ní kí ẹni tó ń ta ilé kọ àléébù tó mọ̀ sínú fọ́ọ̀mù, páìpù ẹ̀gbin sì wà lára ohun tí fọ́ọ̀mù náà ń béèrè. Ní tòótọ́, ohun tí ẹ mọ̀ nìkan ni ẹ máa kọ. Àmọ́ àìtètè mólè, olè ń mú olóko. Olùrà tó gbọ́n á mú kámẹ́rà tirẹ̀ wá nígbà tó bá ṣì wà láàárín ọjọ́ tó fowó rà láti fi ronú, tó lè fi kọ ilé sílẹ̀. Tó bá rí gbòǹgbò tí ẹ ò mọ̀ nípa rẹ̀, òun ló máa mú iye àtúnṣe wá, ẹ ò sì ní ráyè wá iye tiyín. Tó bá wá kọ ilé náà, tó fún yín ní ẹ̀dà àyẹ̀wò rẹ̀, ẹ ti mọ̀ nìyẹn, ẹ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ fún olùrà tó kàn. Lójú tèmi, kò sí èrè kankan nínú dídijú.

Tí kámẹ́rà bá rí ohun tí fífọ̀ kò lè wò

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà níbí: kí ẹ tún un ṣe, kí ẹ yọ owó kúrò nínú iye ilé, tàbí kí ẹ sọ ọ́ síta kí ẹ sì tà á bó ṣe wà.

Àtúnṣe tí kò ní kí wọ́n walẹ̀ púpọ̀ ni kí wọ́n ti awọ olóje kan bọ inú páìpù àtijọ́, kí ó gan sí ara rẹ̀ bíi páìpù tuntun. London ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é, ní Hackney lọ́dún 1971, ládùúgbò tí àwọn ọmọ wa wá pọ̀ sí lónìí. Iye rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ dọ́là 80 sí 250 ní ẹsẹ̀ bàtà kan. Ọgọ́ta ẹsẹ̀ bàtà ti lè jẹ́ 4,800, ó sì lè jẹ́ 15,000. Kò sì lè mú ikùn kúrò, nítorí pé bí páìpù àtijọ́ bá ṣe tẹ̀ ni ti inú rẹ̀ máa tẹ̀. Tó bá jẹ́ abẹ́ kọnkéré ni, àwọn ará Houston máa ń gbẹ́ ihò láti ẹ̀gbẹ́ ilé gba abẹ́ rẹ̀ lọ, kí wọ́n má baà fọ́ ilẹ̀ pálọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Tí àléébù náà bá jẹ́ ibì kan péré lábẹ́ koríko, tí kò sì jìn, ẹ tún un ṣe. Ìwé ẹ̀rí àtúnṣe máa ń fọkàn olùrà balẹ̀ ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Tó bá jẹ́ gbogbo páìpù abẹ́ ilé ló ti jẹ, mi ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú kó lọ yá owó tún un ṣe nítorí títà. Olùrà lè fẹ́ fọ́ kíṣìnì yẹn lọ́dún tó ń bọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ gba iye lọ́wọ́ púlọ́ńbà méjì, ẹ fi fídíò tì í, kí ẹ yọ owó náà nígbà ìdúnàádúrà.

Ohun kan tí àwọn tó ní ilé àtijọ́ ní láti mọ̀: àyẹ̀wò kan wà tí wọ́n máa ń fi bọ́ọ̀lù dí páìpù, tí wọ́n á rọ omi kún un, tí wọ́n á wá wò ó bóyá omi ń lọ sílẹ̀. Nínú ìwé àdéhùn tí wọ́n ń lò fún títa ilé ní Texas, olùrà kò lè ṣe irú àyẹ̀wò yẹn láìjẹ́ pé ẹ̀yin tí ẹ ń ta ilé kọ ìyọ̀ǹda sílẹ̀ lọ́tọ̀. Ìdí ni pé omi tí wọ́n rọ kún irin àtijọ́ lè bà á jẹ́. Ẹ má fọwọ́ síwèé yẹn láìka ibi tó ti sọ ẹni tó máa san owó ohun tó bá bàjẹ́.

Tí kì í bá ṣe Houston

Ìlú ló ń ṣòfin tirẹ̀. Ní Oakland àti àwọn ìlú tó yí i ká ní California, EBMUD tó ń bójú tó omi níbẹ̀ ní kí ẹni tó fẹ́ ta ilé gba ìwé ẹ̀rí pé páìpù ẹ̀gbin rẹ̀ kò jò. Wọ́n á fi afẹ́fẹ́ tàbí omi dán an wò. Ẹni tó bá pààrọ̀ gbogbo páìpù, ìwé rẹ̀ máa ń lo ogún ọdún. Níbẹ̀, fífọ̀ lásán kò jẹ́ nǹkan kan, torí páìpù lè mọ́ kó sì máa jò.

Ẹ̀yin ará Peckham ní London, tiyín dẹ̀ díẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2011, ọ̀pọ̀ páìpù tí ilé méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ń pín lò, àti èyí tó ti kọjá ààlà ilẹ̀ yín, ti di ti iléeṣẹ́ omi. Kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, ẹ pè wọ́n kí wọ́n sọ ti ẹni tí páìpù tó dí náà jẹ́.

Ìgbà wo?

Ẹ ṣe kámẹ́rà ní bí oṣù méjì kí ẹ tó gbé ilé sọ́jà, kí àyè wà láti gba iye àtúnṣe níbi méjì. Fífọ̀ ní tirẹ̀ lè dúró di ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú fọ́tò. Tí ẹ bá ti kó jáde, ẹ má jẹ́ kí ilé wà láìsí omi. Ẹ ní kí ẹnì kan lọ síbẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kó ṣí gbogbo ẹ̀rọ omi, kó fa ilé ìgbẹ́. Omi tó wà nínú ìtẹ̀kọrọ páìpù abẹ́ síǹkì àti balùwẹ̀ máa ń gbẹ, òórùn á sì gba ibẹ̀ wọlé, olùrà á rò pé páìpù ti fọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí ilé fún àwọn tó ń wá wò ó, ẹ kó wáìpù kúrò ní ilé ìgbẹ́ o. Àlejò kì í mọ ohun tí wọn kì í jù síbẹ̀.

Ìwé ìsanwó, fídíò àti àkọsílẹ̀ púlọ́ńbà, ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ejẹ́ǹtì, kí ẹ sì so ó mọ́ fọ́ọ̀mù àléébù. Ejẹ́ǹtì lè fẹ́ fi ìkòkò òdòdó bo ọmọrí cleanout kí fọ́tò lè dáa. Ẹ gbà fún un lọ́jọ́ fọ́tò. Ẹ gbé ìkòkò náà kúrò kí ẹni tó ń yẹ ilé wò tó dé.